Mọ́rẹ́nikẹ́ Fẹ́ Kàwé Sí I, Gbogbo Agboolé Di Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ sún mọ́bí jàre. Ìyá Ìbejì, gbé àpótí yẹn bọ́ sí ìbòji, oòrùn òní ò mojú ẹnì kankan. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá tó kángun sí kànga? Ẹ ò tíì gbọ́? Háà! Á jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ kù ní gbogbo Òkè-Àdó.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ni o. Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ Ìyá Elélùbọ́. Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní kékeré, tí rédíò bá ti dákẹ́ nínú ilé yìí, òun la kọ́kọ́ máa ń wá lọ, ká tó béèrè bóyá bátìrì ló kú. Ẹ rántí rédíò Bàbá Láńlọ́ọ̀dù? Ó tú u palẹ̀ sórí ẹní, ó to ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tò ó padà tán, ìdè méjì ṣẹ́ kù sílẹ̀, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Títí dòní ni Bàbá Láńlọ́ọ̀dù fi kó ìdè méjèèjì pamọ́ sínú agolo Bournvita, ó ní ó dájú pé wọ́n níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kò kàn tíì hàn sí wa ni.

Ọmọ náà wá kàwé, ó di ẹnjiníà oníná, ó jáde pẹ̀lú tú-wàn, a jẹ ìrẹsì, a jó. Lẹ́yìn náà ló lọ sin ìjọba, wọ́n sì gbé àgùnbánirọ̀ wa lọ sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, torí pé mo ní ará níbẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí òyìnbó fi tọrẹ, ẹ̀rọ tí ìjọba rà, gbogbo wọn ló ti kú. Àpótí olóoru tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé sí wà níbẹ̀, ewúrẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bímọ sínú ẹ̀. Òmíràn ò tíì bọ́ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e wá. Òmíràn, iná 110 ni wọ́n ṣe é fún ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan sì ti kì í bọ inú iná 240 tiwa láìbi í léèrè, ó kàn tú èéfín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ẹ dákun, ta ló ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí èèyàn láì béèrè irú iná tí onítọ̀hún ń lò?

Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ọ́síjìn ibẹ̀, ó tú u. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ yẹn ò lè gbélẹ̀. Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí pèpéle yìí gan-an, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí yìí, ọ́síjìn inú rẹ̀ ò ju ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, náítírójìn ló kó ìdá 78. Ẹ̀rọ náà á fa atẹ́gùn inú yàrá wọlé, á fún un pọ̀, á wá tì í gba inú agolo méjì tí wọ́n rọ àwọn hóró funfun wẹ́wẹ́ kan kún, tí wọ́n ń pè ní síóláìtì. Àwọn hóró yìí ló ń di náítírójìn mú, tí wọ́n á jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá lọ sí imú aláìsàn. Bí agolo kìíní bá yó, èkejì á gbaṣẹ́, kìíní á tu tinú ẹ̀ dànù: pṣíì! Òun ló fi máa ń dún pṣíì, pṣíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí mo ti ń rò látọjọ́ yìí pé ó ń jò ni. Ohun tó bá jáde, ọ́síjìn inú rẹ̀ a ti lé ní ìdá 90.

Kí ló wá ṣe ti ilé ìwòsàn yẹn? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Fóòmù kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà tó ń gba eruku dúró. Ọyẹ́ ti kún un dí. Ó bọ́ ọ, ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, ó pààrọ̀ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti sán, ẹ̀rọ bá dìde. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ gbá a mọ́ra níwájú gbogbo aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kejì tó tú, síóláìtì inú rẹ̀ ti mumi nínú afẹ́fẹ́ òjò wa yìí, kò mú náítírójìn mọ́. Ó ń dún pṣíì bó ṣe yẹ, atẹ́gùn lásán ló ń tú jáde. Ọmọ náà ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ní, “Mà, títún un ṣe nìkan ò tó mi mọ́. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ẹ̀ tí eruku àti ọ̀rinrin ibí ò ní í pa.” Bó ṣe délé nìyẹn tó ní òun máa ṣe másítà, kì í ṣe ti iná mànàmáná o, ti ẹnjiníà ìṣègùn.

Ẹ̀yin náà mọ ilé wa. Kò sẹ́ni tó lè pọ́n omi níbí kí ẹlòmíràn má bá a gbèrò irú korobá tó yẹ kó lò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo wa ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ pè é. “Dókítà ni àbí ẹnjiníà?”

“Ẹnjiníà ni, bàbá, àmọ́ ara èèyàn ni iṣẹ́ wà fún.”

“Tó bá wá bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ ńkọ́? Dókítà la ó bá wí ni àbí mẹkáníìkì?”

Ọmọ náà ò rí èsì fún un. Èmi náà ò tíì rí.

Bàbá Ṣọ́jà ní tòun ò gbà rárá. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tó ti gba owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìwé ìròyìn tó ń kọjá níwájú ilé yìí tí kì í yá kà lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀, kò sì sóhun tó kà tí kì í dì mọ́nú. Ó ní kí wọ́n má ná owó lórí másítà kankan, pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ayàwòrán inú orí, èyí tí wọ́n ń pè ní CT, kò ní dìgírì yunifásítì kankan. Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ EMI. Bẹ́ẹ̀ ni, EMI tó ń ṣe àwo orin, tí àwo wọn kún àpótí Bàbá Láńlọ́ọ̀dù fọ́fọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà wo aláìsàn, obìnrin kan tí wọ́n fura sí kókó nínú ọpọlọ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon. Nígbà tó di 1979, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. “Àwo orin ni wọ́n ń tà o!” Bàbá Ṣọ́jà nàka sókè. “Ẹni tí wọ́n sì jọ pín ẹ̀bùn náà, Allan Cormack ará Gúúsù Áfíríkà, òun náà ò gba PhD!”

Mo wo ojú Ìyá Elélùbọ́, mo rí i pé inú ẹ̀ ti ń dùn, ó ti ń rò ó pé owó ti bọ́ nìyẹn. Mọ́rẹ́nikẹ́ bá kúnlẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó mọ̀wé débi tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà jiyàn. Ó ní, “Òótọ́ ni, bàbá. Àmọ́ Hounsfield lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹnjiníà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba dípúlómà, EMI sì fún un ní yàrá iṣẹ́, owó, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Cormack ní tiẹ̀ ti wà ní Yunifásítì Cape Town, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Groote Schuur kí ọ̀rọ̀ náà tó wá sí i lọ́kàn. Ta ló máa fún èmi ní yàrá iṣẹ́ ní Òkè-Àdó, bí kì í bá ṣe ilé ìwé?”

Bàbá Ṣọ́jà ronú, ó ní, “Búkàtẹ́ríà mi tó wà lẹ́yìn ńkọ́?” Búkàtẹ́ríà tí adìyẹ ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀! Ọkùnrin yẹn lọ́kàn rere ṣá.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí Bùrọ̀dá Jámánì fi jáde síta. Tòun ti kóòtù. Nínú ooru yẹn. Hamburg ló gbé, ó sì ti pẹ́ tó ti dé, ṣùgbọ́n Hamburg ò tíì kúrò lára ẹ̀. Ó ní kí lẹ tún ń sọ, Jámánì ni. Ó ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ibẹ̀ ò gba owó ilé ìwé, àfi ìpínlẹ̀ bíi Baden-Württemberg tó ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Ó ní RWTH Aachen ní másítà ẹnjiníà ìṣègùn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ó ní ti Erlangen ńkọ́, níbi tí Siemens Healthineers ti ń ṣe ẹ̀rọ ayàwòrán-ara, tí akẹ́kọ̀ọ́ á jáde ní kíláàsì tí á sì máa wo ilé iṣẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Röntgen tó rí ìtànṣán X-ray ní Würzburg lọ́dún 1895, tó jẹ́ pé ní ara èèyàn, ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ yàwòrán, egungun fínńfín, òrùka ìgbéyàwó ń mì lórí ìka.

Ìyá Sùtúrà ilé wa ní, “Ọwọ́ tiẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó há ni?”

Ẹ̀rín pa wá. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán ni Bùrọ̀dá Jámánì wá rọra sọ tówó. Ó ní kí wọ́n tó fún èèyàn ní físà, wọ́n ń fẹ́ kó kó 11,904 yúrò sínú àkáǹtì kan tí wọ́n á tì pa, tí wọ́n á wá máa yọ 992 fún un lóṣooṣù tó bá débẹ̀. Mo rò pé Ìyá Elélùbọ́ á kígbe. Kò kígbe. Ó ní, “Ó yé mi. Àjọ ni. Wọ́n fẹ́ kí n dájọ sílẹ̀ kí ọmọ ó máa kó o díẹ̀díẹ̀.” Ó kàn jẹ́ pé nínú gbogbo ayé ẹ̀, kò tíì rí alájọ tó gba gbogbo ọdún lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Láàárín kan, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo ilé ṣe “áà” lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ n yà kúrò lọ́nà díẹ̀ níbí, torí ohun tí Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ nínú òkùnkùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní iná tó lọ báyìí ló dá ẹ̀rọ ọkàn oníbátìrì sílẹ̀. Mo ní báwo? Ó ní Amẹ́ríkà ni, ní Minneapolis. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Earl Bakken, ó ń ka ẹnjiníà iná ní yunifásítì lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, bí òun náà ṣe fẹ́ kàwé sí i yìí, àmọ́ ilé ìwòsàn ló ń sá lọ ṣáá láti bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe. Nígbà tó yá, ó fi ìwé sílẹ̀. Lọ́dún 1949, òun àti ọkọ àbúrò ìyàwó ẹ̀ tàbí kí ni wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn, ẹ ṣáà mọ̀ pé àna ni wọ́n, ń jẹ́ Palmer Hermundslie, dá iṣẹ́ sílẹ̀ nínú gáréèjì, wọ́n pè é ní Medtronic. Dọ́là mẹ́jọ ni wọ́n pa ní oṣù àkọ́kọ́. Mẹ́jọ! Èmi tí mò ń ta róbó, mo pa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1957, iná lọ ní ìlú náà fún wákàtí mélòó kan. Ní yunifásítì ibẹ̀, dókítà Walton Lillehei ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fáwọn ọmọdé, ẹ̀rọ tó sì ń bá ọkàn wọn lù, ara ògiri ni wọ́n kì í bọ̀. Wọ́n ní ọmọ kan kú lóru náà. Lillehei ní kí Bakken wá nǹkan ṣe sí i. Ọkùnrin náà rántí àwòrán wáyà kan tó ti rí nínú ìwé ìròyìn àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ, ti ẹ̀rọ kékeré tó ń dún kó, kó, kó, táwọn olórin fi ń mọ ìwọ̀n ìlù. Ó tún un tò, ó fi bátìrì sí i, ó kó o sínú àpótí kékeré tí ọmọdé lè so mọ́ àyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà á. Wọ́n dán an wò lára ajá, Bakken padà délé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, ó rí i lára ọmọ èèyàn! Dókítà ò lè dúró mọ́.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù mí kanlẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ní, “Iná lọ fún wákàtí mélòó kan, wọ́n ṣe ẹ̀rọ ọkàn. Pẹ̀lú èyí tó ti lọ níbí, kí ni à bá ti ṣe?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ n padà o. Antí Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ẹ rò pé wọ́n máa ṣe irú ìpàdé yìí kó má dá sí i? Ìyá Sùtúrà ti pè é lórí WhatsApp, ó gbé fóònù ka orí ìkòkò kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Antí ní Ìlú Ọba ni kó wá, pé ọdún kan péré ni másítà wọn, kí ọjọ́ ó tó pọ̀ o ti ṣe tán. Ó ní Imperial, ó ní UCL, ó ní Oxford, ó ń pè wọ́n bí ẹni ń ki ọba. Bàbá Ṣọ́jà béèrè iye. Fóònù dákẹ́ díẹ̀. Antí ní ti Imperial fún àjèjì ju 30,000 pọ́n-ùn lọ, oúnjẹ àti ilé ò sí nínú ẹ̀. Ìyá Elélùbọ́ tó ti fara mọ́ àjọ Jámánì bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó ní tí wọ́n bá wa gbogbo iṣu Ṣakí tì í, kò ní tó.

Ẹ gbọ́, èyí tó tiẹ̀ dùn jù ni pé Ìyá Sùtúrà ti ṣètò lọ́kàn ara ẹ̀ pé tí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá ń lọ, kó ti gbé ọkọ dání. Ó tiẹ̀ ti mọ ọkọ náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń ta fóònù ní Dùgbẹ̀. Antí ní ìyẹn ti tán, pé láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ṣe másítà oní-kíláàsì ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi ẹni tó bá wá ṣe ìwádìí bíi PhD, tàbí ẹni tí ìjọba ń san owó ẹ̀. Ìyá Sùtúrà dìde, ó ní, “Ó yá, PhD náà la máa ṣe.” La! Ó ti dara pọ̀ mọ́ ìwé.

Ó wá béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe PhD tí wọ́n á tún máa sanwó fún èèyàn. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní Amẹ́ríkà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé níbẹ̀, ìwọ lo máa sanwó másítà fúnra rẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé PhD nínú irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sábà máa ń san owó ilé ìwé ẹ̀, wọ́n á tún fún un lówó oṣù, torí pé á máa ṣe ìwádìí fún wọn tàbí kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì àkọ́kọ́. O sì lè wọ̀ ọ́ tààrà láti orí dìgírì àkọ́kọ́. Johns Hopkins, Duke, Georgia Tech, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ó máa ń tó ọdún márùn-ún. “Márùn-ún!” Ìyá Sùtúrà jókòó padà. “Ta ló máa dúró de obìnrin fún ọdún márùn-ún?”

Mọ́rẹ́nikẹ́ bá mú fóònù ẹ̀, ó fi àwòrán obìnrin kan hàn án, Ọ̀jọ̀gbọ́n Omolola Eniola-Adefeso. Ọmọ Nàìjíríà, ó gba PhD ní Pennsylvania, ó pẹ́ ní Michigan tó ń ṣèwádìí lórí bí àwọn hóró kéékèèké tí wọ́n di oògùn sí ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ògiri ìṣàn ẹ̀jẹ̀ níbi tí àìsàn wà, kí wọ́n má ba ibòmíràn jẹ́. Láti ọdún 2024, òun ni olórí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹnjiníà ní Yunifásítì Illinois ní Chicago. Ìyá Sùtúrà gba fóònù, ó wò ó, ó wò ó. Oògùn àti ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń wò. Ó fi ìka lé orúkọ náà. “Eniola, ìlà, Adefeso. Ẹ wò ó, orúkọ méjì! Ó wálé ọkọ!” Látìgbà náà, kò tún bá PhD jà mọ́.

Èmi náà wá rí nǹkan kan nínú gbogbo ariwo yìí, mo sì rò pé òótọ́ ni. Gbogbo wa ń yan ìlú. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọmọ ń lọ ṣe níbẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ yìí pé oríṣiríṣi: ti egungun àti oríkèé wà, ti àwòrán inú ara wà, ti ọpọlọ àti iṣan wà, àwọn kan ń hu awọ ara nínú àwo, àwọn kan ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àtọwọ́dá, èyí tí Yunifásítì Strathclyde ní Glasgow mọ̀ dáadáa. (Nígbà tí Alhaja ilé wa gbọ́ ti Glasgow yìí, ó ká aṣọ kúrò lórí orúnkún, ó ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ wọn òun sílẹ̀ kó tó lọ. Ó sì wọ̀n ọ́n! Ó kọ ọ́ sínú ìwé.) Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹsẹ̀, tó wá lọ bá ẹni tó ń ya àwòrán ọpọlọ torí pé orúkọ ilé ìwé náà ń dún, ṣé kò sọnù báyẹn?

Mọ́rẹ́nikẹ́ ti mọ̀ ṣáájú wa. Ó fi ìwé kan hàn mí, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ìyá ẹ̀ fi ń kọ gbèsè èlùbọ́. Kò kọ orúkọ ìlú kankan sórí ẹ̀. Ó kọ “mímí ọmọ tuntun” sókè gàgàrà, ó wá ń kọ orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ sábẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tó wà. Ẹni tó wà lókè pátápátá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, ọmọ Nàìjíríà ti Imperial, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa jí àwọn àpótí ọmọ tó ti kú dìde ní àwọn ilé ìwòsàn wa, tó sì ṣe ẹ̀rọ tí kò wọ́nwó tó ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí. Òun ló gba Ẹ̀bùn Sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà lọ́dún 2023, 100,000 dọ́là. Ẹ̀gbẹ́ àwọn orúkọ yìí gan-an ni mo ti rí i tí ìyá ẹ̀ kọ ọ́ pé Bàbá Ṣọ́jà jẹ gbèsè kóńgò mẹ́ta. Mo ti mú un mọ́nú títí dòní, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún.

Ó wá ku owó. Ó ní Chevening wà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì, tó bá sì parí, á padà wálé fún ọdún méjì ó kéré tán. Ó ní ti Commonwealth wà pẹ̀lú, ó sì ní ẹ̀yà kan tí mo fẹ́ràn: tí o bá ń ṣe PhD rẹ nílé níbí, wọ́n lè gbé ọ lọ sí yunifásítì Ìlú Ọba títí di oṣù méjìlá kí o lọ lo ẹ̀rọ wọn, kí o wá padà wá parí ẹ̀ nílé. Ó ní DAAD wà fún ti Jámánì. Bùrọ̀dá Jámánì ní òun ti fẹ́ sọ ọ́.

Nílé níbí ńkọ́? Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ló béèrè, ó béèrè ẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé kò sí. Ó wà o. Yunifásítì Èkó ní másítà ẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn wọn sì wà ní Ìdí-Àràbà pẹ̀lú ilé ìwòsàn LUTH, ibi tí ọmọ tuntun àti ẹ̀rọ tó kú ò ti ní wọ́n ọ. Yunifásítì Ìlọrin náà ní ẹ̀ka tirẹ̀, Legon ní Gánà náà ní. Cape Town ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jìnnà díẹ̀ láì fi Áfíríkà sílẹ̀. Ìyá Elélùbọ́ gbọ́ Ìdí-Àràbà, ojú ẹ̀ là. Ó ní òun lè gbé èlùbọ́ débẹ̀ láàárọ̀ kóun sì padà lálẹ́. Àmọ́ Bàbá Ṣọ́jà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán nínú ẹ̀, rán wọn létí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ó ka oṣù náà lórí ìka fún wọn, oṣù kejì títí dé oṣù kẹwàá. Ojú Ìyá Elélùbọ́ padà ṣú.

Àti tíránsíkíríìpù! Ẹ má jẹ̀ẹ́ n gbàgbé. Níbikíbi tó bá fẹ́ lọ, wọ́n máa béèrè ìwé èsì ìdánwò láti ilé ìwé tó ti jáde, tí mi ò ní dárúkọ pẹ̀lú. Ó sanwó. Wọ́n ní ó ti wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ó lọ, wọ́n ní ọ̀gá lọ sí ìgbéyàwó. Ó tún lọ, ọ̀gá ti dé, tábìlì ti lọ, wọ́n gbé e lọ kùn. Ọmọ tó lè mú ọ́síjìn jáde láti inú atẹ́gùn ò lè mú ìwé ara ẹ̀ jáde láti inú ọ́fíìsì. Alhaja ló bá a parí ẹ̀ níkẹyìn. Ó tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì náà, ó gbé àga, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn ń ṣàdúà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lórúkọlórúkọ, sókè. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ìwé ti jáde.

Ibi tó wá fìdí sí nìyí. Ó ti gba fọ́ọ̀mù másítà Èkó, ó ní òun ò ní fọwọ́ lẹ́rán kóun máa retí Ìlú Ọba. Ó ń kọ ti Commonwealth lọ́wọ́. Ó sì ti kọ lẹ́tà sí méjì nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú ìwé gbèsè náà, kò bẹ̀bẹ̀ owó, ó kàn ṣàlàyé ẹ̀rọ kejì yẹn fún wọn, èyí tí síóláìtì rẹ̀ mumi, ó sọ ohun tó wọ̀n, ó sì béèrè ìbéèrè kan. Ọ̀kan ò dáhùn. Èkejì dáhùn! Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó ní ìbéèrè tirẹ̀ náà: báwo ni yàrá náà ṣe gbóná tó, ta ló ń fọ fóòmù ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù?

Gbogbo wa ka ìwé náà pọ̀ lórí pèpéle. Àwọn tí ò mọ Gẹ̀ẹ́sì náà kà á. Nígbà tó fẹ́ fèsì, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù dúró tì í lórí, ó ní, “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn àgbà ilé kí i.” Ọmọ náà ní àwọn òyìnbó kì í kọ irú ẹ̀ sínú lẹ́tà iṣẹ́, bàbá. Ó ní kó kọ ọ́, ṣé wọn ò bí òyìnbó ni? Ó kọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn lọ́jọ́ kẹta, ó ní kó bá òun kí àwọn àgbà ilé náà padà.

Ẹ wá lọ wo Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ní bíyà páàlọ̀ lálẹ́ òní. Ó ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ní ọ̀rẹ́ kan lókè òkun, onísáyẹ́ǹsì ni, àwọn jọ ń kọ̀wé síra àwọn lórí ọ̀rọ̀ ọ́síjìn.